Omi Aró Inú Gọ́tà: Kí Ni Uric Acid Ń Wá Nínú Àìsàn Ọkàn?

Sílípáàsì ni Bàbá Tíṣà wọ̀ wá sí ilé oògùn wa ní Òkè-Fìà ní àárọ̀ Sátidé kan. Ẹni tó bá mọ Bàbá yìí á ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Bàtà aláwọ tó ń dán gbinrin ni wọ́n máa ń wọ̀, ì báà ṣe búrẹ́dì lásán ni wọ́n fẹ́ lọ rà. "Bàtà ò gba ẹsẹ̀ mi mọ́," ni wọ́n sọ kí n tó kí wọn tán. Wọ́n wá na ìwé èsì àyẹ̀wò kan sí mi. "Bá mi wò ó, ọmọ mi. Wọ́n ní ásíìdì ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi."

Uric acid, 9.8. Lẹ́tà H gàdàgbà (ìyẹn "high", ó ga jù) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan sì ti fi báírò pupa yí i po.

Mo ní kí wọ́n jókòó, mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, mo ka oókan dé aárùn-ún. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ihò kan ṣẹ́kù síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ fùfú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò sì tètè kún padà. Omi ni. Mo bi wọ́n pé ìrọ̀rí mélòó ni wọ́n ń fi sùn báyìí.

"Mẹ́ta. Bí mo bá sùn gbalaja, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan jókòó lé mi láyà."

"Lasix yín tó ń bá ọkàn yín lé omi jáde ńkọ́, Bàbá?"

"Mo ti dá a dúró, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Àǹtí ẹ tó wà l'Ékòó kà á lórí WhatsApp pé òun ló ń fa ásíìdì náà."

Wọ́n ti pa ẹ̀wà tì, wọ́n ti pa olú tì. Àgúnmu kan tí wọ́n rà nínú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń fi kó ẹ̀kọ mu láràárọ̀.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé àǹtí yẹn ò purọ́. Lasix máa ń gbé uric acid sókè lóòótọ́. Òótọ́ sì ni pé nínú àwọn tí ọkàn wọn ń rẹ̀, àwọn tí uric acid wọn ga ni àìsàn náà sábà máa ń mú jù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà so òótọ́ méjèèjì pọ̀ ni kò dáa, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Bàbá lọ. Mo ṣàlàyé fún wọn lọ́jọ́ náà fún bíi wákàtí kan, àwọn oníbàárà sì ń wò mí bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Ohun tí mo sọ ni mo fẹ́ tún sọ níbí, kí n sì fẹjú rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọkàn kúrò lọ́nà. Bí dókítà bá ní "heart failure", ọ̀pọ̀ wa máa ń gbọ́ ọ bíi pé ọkàn ti dákẹ́. Ọkàn kò dákẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ agbára tó fi ń tu ẹ̀jẹ̀ jáde kò tó ohun tí ara ń bèèrè mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wá ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń tò ní ìkóríta Ọláìyá ní ìrọ̀lẹ́, omi inú rẹ̀ sì ń jò sí ẹsẹ̀, sí ikùn, sí ẹ̀dọ̀fóró. Àárẹ̀ ọkàn ni màá máa pè é níbí. Ó yàtọ̀ sí kí ẹ̀jẹ̀ dí mọ́ òpó ọkàn lójijì. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò tọ́jú ló ń fà á jù. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2012, tó kó aláìsàn 1,006 jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú nínú ohun tó fa àárẹ̀ ọkàn wọn, àti pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bíi ọdún 52. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, àìsàn arúgbó ni. Níbí, ẹni tó ṣì ń san owó iléèwé ọmọ ló ń mú.

Ó wá ku uric acid fúnra rẹ̀. Ta ni, ibo ló ti wá?

Ẹni tó ń sin adìẹ ti rí i rí, kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Ẹ wo ìmí adìẹ nílẹ̀: apá kan dúdú, apá kan funfun bí ẹfun. Uric acid ni funfun yẹn. Adìẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀ bí ewúrẹ́; ohun tí ewúrẹ́ ń tọ̀ dànù bí omi, adìẹ ń yà á bí ẹfun. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Tó bá tún tọ̀, funfun ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ará Sweden kan, Carl Wilhelm Scheele, ló kọ́kọ́ yọ èròjà yìí jáde ní 1776, láti inú òkúta tó wà nínú àpò ìtọ̀ èèyàn.

Inú ara tiwa náà ló ti ń wá, ojoojúmọ́ ló sì ń wá. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní purine nínú. Ó wà nínú DNA wa, ó sì wà nínú ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ agbára. Mo máa ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n rí ATP bíi bátìrì tó ṣeé ṣáàjì. Iṣan ara lò ó, ó kú. Ọ́síjìn dé, ó tún kún. Lójúmọ́ kan, bátìrì kan náà lè kú kó sì tún kún lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ariwo. Bí ọ́síjìn kò bá wá tó ńkọ́? Ó dà bí ìgbà tí NEPA mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn bátìrì tó ti kú á jókòó pelemọ. Sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí tú wọn palẹ̀, á fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà á di hypoxanthine, hypoxanthine á di xanthine, xanthine á di uric acid. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí fún èèyàn. Ewúrẹ́ àti ajá ní ẹ́ńsáìmù kan tó tún lè fọ́ uric acid sí ohun tó ń yòrò nínú omi wẹ́rẹ́. Àwa àti àwọn ìnàkí ti pàdánù tiwa láti ọdún gbọọrọ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ti inú ẹ̀jẹ̀ wa fi pọ̀ ju tiwọn lọ.

Ní bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta, inú ara wa fúnra rẹ̀ ni purine tó ń di uric acid ti ń wá. Oúnjẹ ló ń mú ìyókù wọlé. Bó bá di ìgbà àtijáde, kíndìnrín ló ń gbé bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta jáde, ìfun ń gbé ìyókù. Kíndìnrín náà kì í sì í da gbogbo rẹ̀ nù: bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tó bá sẹ́ ló tún máa ń gbà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí kíndìnrín bá fi díẹ̀ ṣàárẹ̀ pẹ́rẹ́, iye inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè.

Níbí ni mo ti wá sọ ọ̀rọ̀ aró fún Bàbá Tíṣà, nítorí ọmọ Òṣogbo ni wọ́n, àwọn aláró ló sì tọ́ wọn dàgbà.

Gbogbo wa ló mọ̀ pé ìlú aró ni Òṣogbo. Ìtàn ìlú wa gan-an, orí ìkòkò aró ló ti bẹ̀rẹ̀: igi wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun, ohùn sì ti inú odò jáde. Bí ẹ bá gba àdúgbò aláró kọjá nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ẹ ó rí omi aró tó ń ṣàn lọ nínú gọ́tà. Ká ní lọ́jọ́ kan ẹ wá rí i pé gọ́tà kún dẹ́nu, tó dúdú bìrìmù. Ohun méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé ìkòkò tí wọ́n ń rẹ aṣọ sí nínú àgbàlá ti pọ̀ sí i. Ó sì lè jẹ́ pé iye ìkòkò ò yí padà, ọ̀rá ló dí ojú gọ́tà nísàlẹ̀.

Lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀, méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ara tó, ọ́síjìn kò tó, bátìrì ń kú, sẹ́ẹ̀lì ń tú wọn palẹ̀: ìkòkò ti pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín náà ti dín kù, kíndìnrín wá ń há uric acid mọ́wọ́: ọ̀rá ti dí gọ́tà. Lasix wá wọ ọ̀rọ̀ náà. Lasix ń lé omi tó pọ̀jù jáde kúrò lára, ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń dín kù, ṣe ni kíndìnrín tún ń gba uric acid mọ́ra sí i. Oògùn náà sì ń bá uric acid du ilẹ̀kùn tí àwọn méjèèjì ń gbà jáde sínú ìtọ̀. Àwọn oògùn thiazide tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe bákan náà. Aspirin kékeré tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ọkàn ń lò lójoojúmọ́ náà ń ṣe é díẹ̀.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? 9.8 Bàbá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Lasix nìkan, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wà rárá. Omi gọ́tà ló ń ròyìn ohun tó ń lọ nínú àgbàlá.

Àwọn dókítà sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn yẹn. Ní 2003, àwọn olùwádìí kan gbé iṣẹ́ jáde pé nínú àwọn tó ní àárẹ̀ ọkàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, bí uric acid ṣe ń ga sí i ni ewu ikú ń pọ̀ sí i, pàápàá bó bá ti tó 9.5. Ìgbà tí ìwé yìí jáde ni orí ọ̀pọ̀ èèyàn gbóná. Wọ́n ní, ó dáa, bí èyí tó ga bá ń bá ikú rìn, ẹ jẹ́ ká fà á wálẹ̀ kí èèyàn má kú mọ́.

Oògùn tó lè fà á wálẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Allopurinol ni, wọ́n ti ń fi tọ́jú gout, àrùn oríkèé tí uric acid ń fà, láti nǹkan bíi 1966. Gertrude Elion àti George Hitchings tí wọ́n ṣe é gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988, fún oògùn yìí àti àwọn mìíràn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń dá ẹ́ńsáìmù tó ń sọ xanthine di uric acid dúró. Xanthine oxidase lorúkọ ẹ́ńsáìmù yẹn. Orúkọ tí ń lọ́ni lẹ́nu ni. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní aláró.

Aláró yìí ní ìwà kan tó mú kí àwọn onímọ̀ ọkàn fura sí i. Bí iṣẹ́ aró ìbílẹ̀ ṣe rí nìyí: wọ́n á kọ́kọ́ sun igi, kí wọ́n lè rí eérú tí wọn yóò sẹ́ omi rẹ̀ sínú ìkòkò. Igi tí wọ́n ń sun ń rú èéfín. Nítorí náà, ohun méjì ló ń ti àgbàlá aláró jáde: omi aró ń gba gọ́tà, èéfín ń gba ojú ọ̀run. Xanthine oxidase náà rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń ṣe uric acid, bẹ́ẹ̀ ló ń tú àwọn èròjà ọ́síjìn oníjàgídíjàgan síta, èyí tó ń ba inú òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, tó ń jẹ́ kí òpó náà le, tí kò jẹ́ kó lè fẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìbéèrè wá di méjì. Ṣé omi aró ló ń ṣe àwọn ará àdúgbò níbi ni, àbí èéfín?

Ìwádìí kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀ dáhùn èyí ní 2006. Ní Dundee, ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n fún àwọn tó ní àárẹ̀ ọkàn ní allopurinol, wọ́n sì tún fún wọn ní oògùn mìíràn tí kì í bá aláró jà rárá, probenecid, tó jẹ́ pé ojú gọ́tà ló máa ń là: ó ń mú kí kíndìnrín tọ uric acid dànù. Oògùn méjèèjì ló fa uric acid wálẹ̀. Allopurinol nìkan ló mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ wọn fẹ̀ dáadáa. Ẹni tó la gọ́tà, tí omi aró sì lọ, èéfín ṣì wà nílẹ̀ ńlé. Èéfín ni wàhálà, kì í ṣe omi.

Ìwádìí kékeré ni o, ìlera òpó ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì wọ̀n; kò tíì sọ bóyá aláìsàn á pẹ́ sí i láyé. Èyí tó ṣe kókó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Wọ́n kó aláìsàn 405 jọ, wọ́n fún apá kan ní oxypurinol, ìyẹn ọmọ ìyá allopurinol, wọ́n fún apá kejì ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú, fún ọ̀sẹ̀ 24. Èsì jáde ní 2008: kò sí ìyàtọ̀ lápapọ̀. Àwọn kan ní ó jọ pé ó ran àwọn tí uric acid wọn ga gan-an lọ́wọ́. Ó dáa, wọ́n tún pa dà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tí tiwọn ti tó 9.5 sókè nìkan ni wọ́n mú, aláìsàn 253, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Wọ́n fún wọn ní allopurinol. Uric acid wọn já wálẹ̀ bí ẹni já èso. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì jáde ní 2015, àwọn tó lo oògùn kò mí dáadáa ju àwọn tí kò lò ó lọ, wọn kò rìn jìnnà jù wọ́n lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò yẹra fún ilé ìwòsàn jù wọ́n lọ. Ohun tí wọ́n fi pọ̀ ju àwọn yòókù ni èélá ara. Ní 2022, wọ́n gbé ìwádìí tó tóbi jù jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó lé ní 5,700 tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn ti dín, tó jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún sókè tí kò sì ní gout, ni wọ́n tọ́pa fún ọdún mélòó kan. Allopurinol kò dín ikú ọkàn kù fún wọn, kò dín rọpárọsẹ̀ kù.

Mo rántí pé ìgbà tí mo dé ibí yìí ni Bàbá Tíṣà dá mi lẹ́kun. "Dúró ná. O ní èéfín ni wàhálà. Oògùn náà sì lé èéfín lọ. Kí ló dé tí ara ò fi yá?"

Olùkọ́ ni lóòótọ́. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí wọ́n fi ń sun igi?"

Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìtó ọ́síjìn ló gbé aláró jókòó síbi iṣẹ́. Bí ẹ bá lé aláró kúrò tí ọkàn ṣì ń rẹ̀, bátìrì á ṣì máa kú. Ara á ṣì máa há iyọ̀ àti omi mọ́wọ́, àwọn èròjà tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ á ṣì máa ṣàn, ọkàn á ṣì máa le sí i. Èéfín aláró jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ èéfín tó wà ní àdúgbò yẹn. Ní tèmi, ohun tí àwọn ìwádìí wọ̀nyí kọ́ wa ni pé kí a máa ka nọ́ńbà náà bí ẹni ń ka lẹ́tà, kí a má máa lù ú bí ẹni lu olè. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa kò gbà pẹ̀lú mi, wọ́n ṣì ń kọ allopurinol fún gbogbo H tí wọ́n bá rí. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà pàápàá sọ ọ́ nínú ìlànà wọn ti 2020 pé bí uric acid bá ga tí kò sí gout, kí a má sáré fún èèyàn ní oògùn tó ń fà á wálẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ṣe fún àtọ̀gbẹ, dapagliflozin àti empagliflozin, tó ń mú kí èèyàn tọ ṣúgà dànù. Ní 2019 àti 2020, ìwádìí ńlá méjì fi hàn pé wọ́n ń dín ìgbà tí aláìsàn ọkàn ń wọ ilé ìwòsàn kù, kódà fún ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ. Uric acid náà ń lọ sílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń lò wọ́n. Kò sẹ́ni tó lépa rẹ̀. Ó kàn bá ṣúgà jáde ni. Losartan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń fà á wálẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, bí uric acid bá ń da dókítà yín láàmú, ó ní ohun tó lè ṣe nínú oògùn ọkàn fúnra rẹ̀.

Gout ni ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà. Bí uric acid bá ti kọjá nǹkan bíi 6.8 nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dì sí kóró tó mú bí abẹ́rẹ́ nínú oríkèé, pàápàá oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Òru ló sábà máa ń dé. Ẹsẹ̀ á pọ́n, á gbóná, kódà aṣọ ìbora tó fara kàn án á dà bí iná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní làkúrègbé, wọ́n á sì ní kí ọmọ sáré lọ ra diclofenac wá ní kẹ́míìsì ìdí ọ̀nà, tàbí ibuprofen, tàbí piroxicam. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi àwọn wọ̀nyí ṣeré. Wọ́n ń ká kíndìnrín lọ́wọ́ kò, kíndìnrín á wá há iyọ̀ àti omi mọ́ra, Lasix kò ní rí iṣẹ́ ṣe, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹsẹ̀ á wú, èémí á há. Mo ti rí ẹni tí oríkèé rẹ̀ san, tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún omi ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Oògùn gout tó bá ọkàn mu wà, colchicine kékeré ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ wo kíndìnrín kó tó wọ̀n ọ́n. Abẹ́rẹ́ dexamethasone tí wọ́n ń gún kiri náà lè há omi mọ́ ara. Ẹ má gbà á lọ́nà.

Fún ẹni tí gout ń dà láàmú léraléra, allopurinol ṣì ni oògùn rẹ̀, àárẹ̀ ọkàn kò sọ pé kó má lò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 100 mg lójúmọ́ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa gbé e sókè. Bí èélá bá yọ lára, tàbí tí ẹnu ń bó, tàbí tí ojú pọ́n, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ó lè ṣeni léṣe gidi. Ẹni tó bá ń lo febuxostat dípò rẹ̀, kó jẹ́ kí dókítà ọkàn rẹ̀ mọ̀, nítorí ìwádìí kan ní 2018 rí ikú ọkàn tó pọ̀ díẹ̀ lára àwọn tó lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn tó tẹ̀ lé e ní 2020 kò rí bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orísirísi inú ẹran, pàápàá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, ẹja sàdíìnì, bíà, àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò olóṣùgà ni kí èèyàn dín kù. Purine inú ẹ̀wà àti olú kì í fa gout bíi ti inú ẹran. Ìyà tí a fi ń jẹ ẹ̀wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Ohun tó yẹ kí aláìsàn ọkàn máa ṣọ́ nínú ìkòkò ọbẹ̀ ni iyọ̀ àti máàgì.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń da èèyàn rú lórí ìwé èsì. Láàbù kan lè kọ 9.8, òmíràn á kọ 583 fún ẹ̀jẹ̀ kan náà, onítọ̀hún á sì pariwo pé òun ti kú. Òṣùwọ̀n ló yàtọ̀: èkíní jẹ́ mg/dL, èkejì jẹ́ µmol/L. Ẹ fi bíi 59.5 sọ èkíní di púpọ̀, ẹ ó rí èkejì. 7 fún ọkùnrin àti 6 fún obìnrin ni ọ̀pọ̀ láàbù ń fi ṣe ààlà ní òṣùwọ̀n àkọ́kọ́.

Mo gbé Bàbá Tíṣà sórí ìwọ̀n tó wà nílé oògùn kí wọ́n tó lọ, mo sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gun ìwọ̀n láràárọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ̀ tán, kí wọ́n tó jẹun. Bí ó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kí wọ́n pe dókítà, kí wọ́n má dúró de ẹsẹ̀. Mo bá wọn pe dókítà wọn lórí fóònù níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ní kí wọ́n máa bọ̀. Àgúnmu náà, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì ní kí n má gbàgbé pé owó ni wọ́n fi rà á.

Ó tó bí oṣù kan kí wọ́n tó tún yà. Bàtà aláwọ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìrọ̀rí ti di ẹyọ kan. Wọ́n ti tún àyẹ̀wò ṣe, wọ́n sì tẹ́ ìwé náà sórí káńtà: uric acid, 9.1, H gàdàgbà ṣì wà níbẹ̀.

"Àǹtí ẹ rí i lánàá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí sunkún lórí fóònù."

"Kí lẹ sọ fún un?"

Bàbá yọ báírò pupa lápò, wọ́n fa ìlà sí abẹ́ H náà bí ẹni ń máàkì ìwé ọmọ iléèwé, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Mo ti rí i."